Òtútù Nídìí Ààrò Ẹja ní Abereke

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé, "Báwo ni ọ̀hún ti rí?", ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a ń sọ ní ìdúró. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ, kó padà wá nígbà tó bá ráyè. Ẹni tó bá ráyè, kó fa àpótí sún mọ́ mi. Mo ti lọ sí ìlú àwọn àna mi létí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ojú mi rí ohun tí kò rí rí, ẹnu mi jẹ ohun tí kò jẹ rí, àyà mi sì já lọ́nà tí kò gbà já rí.

Ohun tó gbé mi lọ ni pé ìyá ìyàwó mi ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn ni ìyá gíga tó wá síbi ìkómọ Ìbídùn ọmọ wa, tí wọ́n kó edé àti ẹja gbígbẹ wá débi pé àwọn ológbò àdúgbò kọ̀, wọn kò padà sílé olówó wọn mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro ló ń tọ́jú wọn. Omi oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ ni wọ́n ń fi sí wọn ní iṣan. Bí wọ́n bá fi sí wọn tán, wọ́n á ní kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n tó tún padà wá gba òmíràn. Nígbà ìsinmi kan ni Màmá fárígá pé ilé àwọn ní Abereke ni àwọn ti fẹ́ sinmi, pé afẹ́fẹ́ ìgboro kò ní iyọ̀ nínú. Ìyàwó mi ní òun yóò bá wọn lọ. Èmi náà ní n kò ní í jẹ́ kí wọ́n nìkan lọ. Àna rere ni mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mo tún fẹ́ fojú ara mi rí òkun.

Kí a tó kúrò, dókítà Màmá, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, fi tẹmómítà lé ìyàwó mi lọ́wọ́.

"Ìyá Ìbídùn, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Oògùn wa yìí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Bó ti ń pa jẹjẹrẹ ló ń pa àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó bá kòkòrò àrùn jà. Bí ara Màmá bá gbóná kọjá méjìdínlógójì, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ máa gbé wọn bọ̀ kíá."

Ìyàwó mi gbé tẹmómítà náà sínú àpò owó rẹ̀. Ẹ ti mọ̀ pé kò sí ibi tí obìnrin náà ń ṣọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ilẹ̀ ti tán

Igbókòdà ni ilẹ̀ ti tán mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n fà mí sínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹni fa àpò gààrí, ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bú, omi sì là sí méjì. Omi náà dúdú bí àgbo. Igi dúró sínú rẹ̀, ilé dúró sínú rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé tó wọ aṣọ iléèwé ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ kékeré kọjá lára wa bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Èmi di pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin. Obìnrin kan tó jókòó kọjú sí mi, tó gbé àgò adìyẹ lé itan, wo ọwọ́ mi títí, ẹ̀rín pa á.

"Bàbá, fi pákó yẹn sílẹ̀ jàre," ló wí. "Bí ọkọ̀ yìí bá máa dà, pákó náà á bá ọ dà."

Ọmọbìnrin yìí kò ju ọjọ́ orí àbúrò mi ìkẹyìn lọ, ó sì wí fún mi pé "ọ". Ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ ìbá ti di ti ẹbí. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀: nínú èdè tiwọn, kò sí "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọmọdé yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá bàbá rẹ̀, yóò ní, "Ìwọ, ṣé o jí dáadáa?" Inú bàbá náà á dùn, á sì súre. Orúnkún ni ọ̀wọ̀ tiwọn wà, kò sí lẹ́nu. Nígbà tí mo lóye èyí, ara tù mí, mo sì fi pákó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀.

A kọjá lára Molutehin, níbi tí àwọn obìnrin ti ń na àwọ̀n sórí igi bí aṣọ tí a fọ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo kan, bí ìgbà tí ìjì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo wo ojú ọ̀run, kò sí ìkùukùu. Màmá tó ti ń tòògbé lórí èjìká ọmọ wọn lajú, wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.

"Ìyẹn ni òkun," ni wọ́n wí. "Ó ń kí mi."

Láti kékeré ni èmi ti ń pa á lówe pé ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. N kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì rí. Ọjọ́ tí mo wá rí méjèèjì pọ̀, méjèèjì ni mo bẹ̀rù.

Ẹja nínú àwo àlejò

Orí òpó ni ilé wọn dúró sí, afárá pákó ló sì so ilé mọ́ ilé. Kí ọkọ̀ wa tó fara kan òpó, àwọn obìnrin ti kún orí afárá, wọ́n ń pariwo orúkọ Màmá, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń jó, wọ́n na apá láti dì mọ́ wọn. Ìyàwó mi gbé kẹ́tùlù omi àti ọṣẹ sí ẹnu àtẹ̀gùn.

"Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó dì mọ́ wọn o! Ẹni tí ikọ́ ń ṣe kó kí wọn láti òkèèrè!"

"Yé! Wo ọmọ wa bó ti di nọ́ọ̀sì!"

"Ṣé ọwọ́ wa ló dọ̀tí ni, àbí o ti gbàgbé pé ọwọ́ yìí la fi wẹ̀ ọ́?"

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn fọwọ́. Ìfẹ́ wọn sí Màmá pọ̀ ju ìtìjú lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Bọ̀dá Ọmọ́yẹlé, tó jẹ́ apẹja, tó sì ní àyà bí ilẹ̀kùn, ló gbà mí sílé. Wọ́n gbé pupuru wá. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, iná àti èéfín ló sì ń gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n tó wá rò ó nínú omi gbígbóná. Ó dà bí ìbátan iyán tó lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ: ó rí bí iyán, ṣùgbọ́n òórùn iná wà lára rẹ̀. Ọbẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orí ẹja tó tó orí ewúrẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó ń wò mí. Mo fi ìka ru ọbẹ̀ náà lọ, mo ru ú bọ̀.

"Kí lò ń wá?" ni Bọ̀dá bi mí.

"Ẹran ni mo rò pé ó wà nísàlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹran? Kí ni o rò pé ẹja yẹn ń ṣe nínú àwo? Ṣé ó wá kí ọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ilé mì. Mo jẹ orí ẹja náà. Mo fá egungun rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹran ìgbẹ́ kò tó o.

Nígbà tí oúnjẹ tán, Bọ̀dá mú mi lọ sí ìparí afárá, ó na ìka síwájú. "Ibẹ̀ yẹn ni ilé bàbá wa wà," ló wí. Mo wò ó. Ìgbì ni mo rí. Òkun ti gbé ilé náà lọ.

Nídìí ààrò

Ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja ni ọ̀rọ̀ ìlú wà. Ahéré tí èéfín ti kùn dúdú ni. Ààrò alámọ̀ tò síbẹ̀, wọ́n to ẹja sórí wáyà, iná ń jó jẹ́jẹ́ lábẹ́, àwọn obìnrin ń yí ẹja, wọ́n sì ń yí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ọn. Màmá kò lágbára láti yan ẹja mọ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wá wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa pàṣẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ojú wọn ń dán. Ìyàwó mi ní láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, òun kò rí ìyá òun bẹ́ẹ̀.

Ó ní òwúrọ̀ kan tí ìyàwó mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Màmá, tó ní, "Màmá, ara rẹ gbóná."

Gbogbo ahéré bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ibẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan obìnrin tó jókòó ti ààrò kó wá ní ara rẹ̀ gbóná. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ kan ẹja inú omi tó ní ó tutù. Obìnrin kan na ọrùn tirẹ̀: "Wá kan tèmi náà, nọ́ọ̀sì! Àní kí o gbé mi lọ sí ọsibítù!" Òmíràn ní ọkọ òun náà ń rojọ́ pé ara òun gbóná, àmọ́ oògùn tí òun fún un kì í ṣe ti ọsibítù. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ojú tì í, ó fi tẹmómítà tó ti yọ padà sápò. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rò pé iná ni.

Ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ahéré, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń yí ẹja. Oòrùn mú, ààrò ń jó, òógùn ń ṣàn lára gbogbo wa. Mo rí i tí Màmá fa àpótí wọn sún mọ́ iná. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n tún fà á. Ìyàwó mi ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

"Màmá, kí ló dé tí o ń sún mọ́ iná?"

"Òtútù ń mú mi," ni Màmá wí. Eyín wọn ń gbá ara wọn. "Ta ló ṣí ilẹ̀kùn?"

Ahéré náà kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ìyàwó mi gbé Màmá bọ́ síta, sínú afẹ́fẹ́ òkun, ó dúró kí ooru ààrò kúrò lára wọn, ó wá fi tẹmómítà sí wọn lábẹ́ ahọ́n. Ó ti kọjá ibi tí dókítà ní kó má kọjá.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ wí

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ìyàwó mi wí.

"Lọ síbo?" ni Màmá dáhùn. "Ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí ìgboro lọ́jọ́sí, inú pósí ló bá padà wá. Bí mo bá padà lọ báyìí, n kò ní í fi ẹsẹ̀ mi wọ ilé yìí mọ́. Mo mọ̀ ọ́n."

Bọ̀dá Ọmọ́yẹlé gbè wọ́n lẹ́yìn. Ó ní ooru ààrò ti ọjọ́ pípẹ́ ló wà lára wọn, kò lè tètè jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀." Ó fi ọkọ̀ lọ gbé ọkùnrin kan tó ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré ní ìlú kejì. Ọkùnrin náà gba ẹ̀jẹ̀, ó lọ, a jókòó, a ń retí. Mo sọ fún yín pé wákàtí tí a fi retí yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí àwọn wákàtí wọ̀nyẹn ló ṣe iyebíye jù.

Ó padà dé, ó jókòó, ó tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí dókítà sọ yẹn, kò ga rárá, bẹ́ẹ̀ bí kòkòrò bá wọ ara ènìyàn, ńṣe ni wọ́n máa ń pọ̀ sí i. Ó ní àmì kejì tí òun wò, èyí tó máa ń fò sókè bí ara bá ń bá àìsàn jà, ga lóòótọ́, àmọ́ nínú ìwé tí Màmá mú bọ̀ láti ìgboro, ó ti ga bẹ́ẹ̀ nígbà tí ibà kò ṣe wọ́n, pé jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ lè gbé e sókè.

"Nítorí náà, kò sí kòkòrò," ni Bọ̀dá wí, ó nà ró.

"Èmi kò wí bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ẹ bi dókítà wọn."

Ìparí afárá nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ra. Ìyàwó mi sáré lọ síbẹ̀, mo tẹ̀ lé e, ó ṣí fóònù sílẹ̀ kí n lè gbọ́. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Dókítà náà kò gbé ohùn sókè síbẹ̀.

"Ìyá Ìbídùn, sẹ́ẹ̀lì funfun kò ga. Ta ni yóò gbé e ga? Oògùn mi ti pa wọ́n. Ilé tí ajá rẹ̀ ti kú, bí olè bá wọ ibẹ̀, ṣé ẹ óò gbọ́ gbígbó ni?"

"Àmì kejì tó ga ńkọ́, Mà?"

"Ìyẹn ni ajá tó ń gbó ewúrẹ́, tó ń gbó ewé, tó sì ń gbó olè. Láti ìgbà tí jẹjẹrẹ ti wọlé ló ti ń gbó. N kò lè fi ọ̀kan nínú méjèèjì búra. Àwọn àyẹ̀wò tó sàn ju ìyẹn lọ wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn náà máa ń ṣì wá lọ́nà nígbà mìíràn."

"Kí ni ká wá gbà gbọ́?"

"Ara Màmá. Ẹni tó jókòó ti iná, tó ní òtútù ń mú òun. Ẹ máa bọ̀."

Nínú ìpẹ́

Nígbà tí a padà dé, Màmá ti wọ inú ahéré lọ padà, wọ́n ti jókòó ti ààrò. Ìyàwó mi sọ ohun tí dókítà wí. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀, ó sunkún. Màmá mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ti sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ̀yin lẹ gbà á, ẹ̀yin lẹ kà á. Ẹ fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Àna mi, o kò sọ nǹkan kan. Ìwọ náà sọ tìrẹ."

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ wa. A kì í bá ìyá ìyàwó ẹni jiyàn. Bí wọ́n ní ọ̀sán ni òru, ènìyàn á wá fìtílà. N kò ní àlàyé kankan lórí ẹ̀jẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe níwájú àna. Mo ṣí fìlà mi sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ahéré náà, àyà mi kan ìpẹ́ ẹja, imú mi kan eérú.

"Yéè! Àna ti sùn sínú ìpẹ́ o!" ni àwọn obìnrin pariwo.

"Dìde," ni Màmá wí.

"N kò ní í dìde, Mà, àfi bí ẹ bá wọ ọkọ̀."

"Wo aṣọ rẹ! Ẹja ni ìwọ yóò máa rùn títí dé Ṣakí."

"Kí n máa rùn, Mà. Ẹ̀yin lẹ óò bá mi fọ̀ ọ́ nígbà tí ara yín bá yá."

Bọ̀dá ní, "Ọkùnrin yìí, agídí lò ń ṣe fún ìyá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí láti ilẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Iná ń jó, eyín Màmá sì ń gbá ara wọn. Mo rò pé eyín yẹn ni Bọ̀dá gbọ́ nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Ìyá mi, wọ ọkọ̀. Èmi ni n ó wà á."

Màmá wò mí títí, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ẹ bá mi wá ìborùn mi," ni wọ́n wí. "Bí àna mi bá sùn síhìn-ín di ọ̀la, àwọn ará ìlú rẹ̀ á ní ìyá ìyàwó rẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́."

Lórí ilẹ̀

N kò ní í sọ bí omi ti rí lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá mọ ọ̀nà, ó sì wa ọkọ̀ náà títí a fi gúnlẹ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà kò dúró de àyẹ̀wò kankan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, wọ́n sì so oògùn apakòkòrò kọ́ sí Màmá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀. A pè wọ́n, wọn kò mọ orúkọ ọmọ wọn. Dókítà mú wa sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ká dúró ti wọn, bí a bá sì mọ àdúrà, ká gbà á. Bọ̀dá Ọmọ́yẹlé, àyà bí ilẹ̀kùn, jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Èmi jókòó tì í. Òórùn ẹja wà lára mi, àwọn ènìyàn ń yà fún mi, n kò sì bìkítà.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara wọn ń rọ̀. Òwúrọ̀ kan dé tí òtútù kò mú wọn mọ́. Òwúrọ̀ mìíràn dé, wọ́n bú nọ́ọ̀sì pé ẹ̀kọ rẹ̀ kò dán. Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi sunkún jù.

Lẹ́yìn náà, dókítà wá sọ èsì ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tí a dé. Ó ní wọ́n gbìn ín sínú ohun tó ń bọ́ kòkòrò, wọ́n ṣọ́ ọ, kòkòrò kankan kò hù.

Bọ̀dá dìde. "Kò hù? Ṣé ẹ ń sọ pé kò sí kòkòrò lára ìyá mi rárá?"

"Ó lè jẹ́ pé ó wà, tí a kò rí i mú. Ó ń ṣẹlẹ̀ púpọ̀. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. N kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ kò mọ̀? Àmì àkọ́kọ́ kò mọ̀, èkejì kò mọ̀, ìgò kò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀?"

"N kò mọ̀," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, n ó tún ní kí ẹ máa gbé wọn bọ̀. Ẹni tí mo bá dúró dè kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún mi ní ìdánilójú, mo lè má bá a láàyè."

Bọ̀dá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Màmá gbé ọwọ́ sókè láti orí ibùsùn, ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀.

"Ọmọ́yẹlé," ni wọ́n wí, "ìgbà tí o bá ti ojú òkun dé, tí ìjì jà, tí ìwọ àti ọkọ̀ rẹ sì gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣé o máa ń padà lọ bi òkun pé, 'Ṣé o fẹ́ pa mí tẹ́lẹ̀ ni, àbí eré lò ń bá mi ṣe?'"

Bọ̀dá jókòó padà.

"Ó dáa. Lọ wá pupuru fún mi. Ebi ń pa mí."

Ó lọ. Ó rìn káàkiri ìgboro kó tó rí ẹni tó ń tà á, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Màmá fọwọ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán níṣojú wa, kò ṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni.